Aṣọ Kẹ̀kẹ́ Olówó Gọbọi: Ibi Tówó Ń Parí Iṣẹ́ Rẹ̀ Sí

“Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.” Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ agunkẹ̀kẹ́ fi ń dáni lóhùn bí a bá bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí ṣòkòtò péńpé kan ṣoṣo fi gba ju 200 pọ́n-ùn lọ lọ́wọ́ wọn, nígbà tí irú rẹ̀ tí kò tó 50 wà lórí àtẹ. Àwọn kan sì wà lódìkejì tí wọ́n gbà pé ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀: wọ́n ní ilé iṣẹ́ kan náà ló ń rán an, àmì tí wọ́n tẹ̀ sí i láyà nìkan ló yàtọ̀. Ẹnu ìhà méjèèjì kò kò, àmọ́ àṣìṣe kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Wọ́n ka aṣọ kẹ̀kẹ́ sí ohun kan ṣoṣo, wọ́n sì fẹ́ kí iye owó sọ fún wọn bóyá ó dára tàbí kò dára. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mẹ́rin ni aṣọ kẹ̀kẹ́ ń ṣe. Ó ń dáàbò bo ìdí àti itan kí wọ́n má bàa bó. Ó ń bá ara lé òógùn dànù. Ó ń dín ìjàkadì ara pẹ̀lú atẹ́gùn kù. Ó sì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ òjò àti òtútù. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ yìí, ó ní ibi tí owó ń ṣiṣẹ́ dé tó fi ń dúró, ibẹ̀ kò sì bára mu. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, yálà kó náwó sófo, tàbí kó máa ṣọ́wó ná títí ìdí rẹ̀ yóò fi di egbò.

Èrò pé owó ni òṣùwọ̀n kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kan wà tó jẹ́ òótọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, aṣọ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ni àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje ní Ítálì, Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù ń wọ̀. Bí òjò bá pa á, a máa wúwo, a sì máa fà wálẹ̀. Awọ ẹran ni wọ́n ń rán mọ́ inú ṣòkòtò níbi ìdí. Bí wọ́n bá fọ awọ yìí tó gbẹ, á le gbagidi, àfi kí wọ́n fi ìpara rà á kó tó rọ̀. Awọ ti lọ, ìpara ṣì wà lọ́wọ́ àwọn agunkẹ̀kẹ́ dòní. Ara ni wọ́n wá ń fi pa. Ní 1958, Joseph Shivers, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Waynesboro, ìpínlẹ̀ Virginia, ṣe okùn kan tó lè nà gan-an kó sì tún padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Òun ni wọ́n pè ní Lycra. Aṣọ abẹ́ àwọn obìnrin ni wọ́n ní lọ́kàn, kó lè rọ́pò rọ́bà. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1970, Castelli ti Ítálì àti Assos ti Swítsàlandì ti fi rán ṣòkòtò fún àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ díje. Ní àwọn ọdún 1980, tìmùtìmù àtọwọ́dá tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ ń pè ní páàdì gba ipò awọ. Láàárín àkókò yẹn, ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà kò pọ̀, ọjà wọn wọ́n, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín ẹni tó rówó rà á àti ẹni tó ṣì jókòó lórí awọ hàn gbangba. Nígbà náà, òwe ọbẹ̀ bá aṣọ kẹ̀kẹ́ mu láìkù síbì kan.

Ohun tó yí padà ni pé ìmọ̀ náà kò sí lábẹ́ òrùlé kan mọ́. MITI, ilé ìhunṣọ tó wà ní Urgnano lẹ́bàá Bergamo ní Ítálì, kì í rán ṣòkòtò. Aṣọ ló ń hun fún àwọn tó ń rán an, oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ló sì ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Elastic Interface, ti Ítálì náà, páàdì ló ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń bá ara wọn du ọjà. Ó ní páàdì tí owó rẹ̀ kéré, ó ní èyí tó ga, nítorí náà rírí orúkọ rẹ̀ nínú ṣòkòtò nìkan kò tó ẹ̀rí. Síbẹ̀, ó fi hàn pé ṣòkòtò méjì tí owó wọn jìnnà síra lè gba páàdì lọ́wọ́ oníṣẹ́ kan náà. Decathlon tún wá da ìṣirò náà rú sí i. Ilé ìtajà Faransé yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́bàá Lille ní 1976, ló ń ya bátànì aṣọ tirẹ̀, òun ló ń bá àwọn aránṣọ dúnàádúrà, òun náà ló ń tà á nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Kò sí alágbàtà láàárín, èrè ẹni kejì àti ẹni kẹta kò sí lórí ọjà náà. Láti 2024 ni orúkọ rẹ̀ ti wà láyà ẹgbẹ́ kan tó ń díje nínú Tour de France, kẹ̀kẹ́ Van Rysel tó jẹ́ tirẹ̀ ni wọ́n sì ń gùn. Ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín ṣòkòtò rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn lè jẹ́ ìyàtọ̀ ọ̀nà ìtajà, kó má kan aṣọ rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ mú ṣòkòtò péńpé kẹ̀kẹ́ kan, kẹ́ ẹ yí inú rẹ̀ síta. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ páàdì rẹ̀ níbi tí egungun ìjókòó máa wà. Bí àtàǹpàkò bá wọlé tó sì kan aṣọ ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, fóòmù rẹ̀ fúyẹ́ jù, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi pẹlẹbẹ lábẹ́ ènìyàn. Èyí tó dára máa ń ta ko ọwọ́, á sì rọra gbéra padà. Nínípọn kọ́ ló ń fi dídára hàn o. Páàdì tó nípọn tó sì rọ̀ jù máa ń ká jọ sáàárín itan, á sì máa ha ara. Ẹ fọwọ́ ra ojú ìrán rẹ̀: ó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ débi tí ìka kò fi ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ na aṣọ náà sórí ìkúùkù. Bí ẹ bá ń rí àwọ̀ ọwọ́ yín gbangba, ohun tí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn yín lórí kẹ̀kẹ́ máa rí nìyẹn. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀: rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń jẹ itan, ìgbátí fífẹ̀ kì í jẹ ẹ́. Èyí tó ní okùn èjìká sì sàn ju èyí tó ní rọ́bà ìbàdí lọ, nítorí rọ́bà máa ń fún ikùn nígbà tí ènìyàn bá tẹ̀ síwájú.

Ibi tí ṣòkòtò tí owó rẹ̀ kéré jù sábà máa ń kùnà nìwọ̀nyí, ibẹ̀ náà sì ni ti alábọ́dé sábà máa ń yege. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù fún èyí tó wọ́n jù láti fi kún un: aṣọ tó túbọ̀ fúyẹ́, ojú ìrán tó dín kan tàbí méjì, fóòmù tí líle rẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹni tó ń lo wákàtí 6 lórí kẹ̀kẹ́ lè mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó ń lo wákàtí kan àbọ̀ láàárọ̀ Sátidé, ó ṣòro kó tó mọ ìyàtọ̀.

Ṣòkòtò nìkan kọ́ ló ń gbani lọ́wọ́ egbò ìdí. Ohun mẹ́rin ló ń fa egbò náà: títẹ ara mọ́lẹ̀, híha ara, ọ̀rinrin àti kòkòrò àrùn. Páàdì lè dín méjì àkọ́kọ́ kù, kò lè mú wọn kúrò. Bí ìjókòó kẹ̀kẹ́ bá ga jù, ìbàdí á máa yí sọ́tùn-ún sósì ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá lọ sílẹ̀, kò sì sí ṣòkòtò tó lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹni tó bá wọ pátá sábẹ́ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ ti fi ojú ìrán pátá sáàárín ara rẹ̀ àti páàdì. Owó rẹ̀ ti wọgbó. Ẹni tí kò bá sì fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tó wọ̀ ọ́, kòkòrò ló ń sìn. Yàtọ̀ sí èyí, egungun ìjókòó kò fẹ̀ bákan náà lára gbogbo ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ti ọkùnrin àti ti obìnrin yàtọ̀. Páàdì tí gbogbo ayé ń yìn lè má bá ìdí tiyín mu, kí ti olówó pọ́ọ́kú sì bá a mu rẹ́gí.

Lórí jẹ́sì, owó tètè ń parí iṣẹ́. Òwú gidi máa ń gba ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra tó nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀. Poliẹ́sítà kì í gbà tó ìdá 1. Ìdí nìyẹn tí síńgílẹ́ẹ̀tì òwú fi ń lẹ̀ mọ́ni lára nígbà tí jẹ́sì bọ́ọ̀lù ti gbẹ. Ṣùgbọ́n poliẹ́sítà ni jẹ́sì olówó pọ́ọ́kú, òun náà ló pọ̀ jù nínú ti olówó gọbọi. Kó fún mọ́ra, kó ní síìpù níwájú àti àpò mẹ́ta lẹ́yìn: ohun tí jẹ́sì nílò nìyẹn. Àwọn tó ń polówó ọjà máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé aṣọ ló ń tu ara. Òógùn tó bá gbẹ lára ló ń tu ara: lítà kan rẹ̀ tó bá gbẹ tán máa ń gbé ooru tó tó nǹkan bí 580 kìlókálórì lọ. Èyí tó bá kán sílẹ̀ kì í tu ara. Ní Èkó tàbí Kútọnu, níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ láàárọ̀ kùtù, òógùn kì í tètè gbẹ, kò sì sí orúkọ kankan láyà jẹ́sì tó lè yí ìyẹn padà. Omi mímu àti títètè jáde kí oòrùn tó mú ló ń ranni lọ́wọ́ níbẹ̀.

Atẹ́gùn ni apá tí owó ńlá ti ní ẹ̀rí tó dájú jù, òun náà sì ni apá tí wọ́n ti ń ṣi ẹ̀rí náà lò jù. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bí ènìyàn bá ti ń sáré ju 30 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, atẹ́gùn ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ẹsẹ̀ rẹ̀. Ara ènìyàn gan-an, kì í ṣe kẹ̀kẹ́, ló sì ń ru nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà. Bí aṣọ bá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, agbára ń ṣòfò. Bí ojú aṣọ bá rí ṣágiṣàgi níwọ̀nba lápá àti léjìká, atẹ́gùn á pẹ́ lára kó tó já kúrò, ohun tó ń fa ènìyàn sẹ́yìn á sì dín kù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2017, Tour de France bẹ̀rẹ̀ ní Düsseldorf ní Jámánì, pẹ̀lú eré 14 kìlómítà tí oníkálukú dá sá nínú òjò. Ẹgbẹ́ Sky wọ aṣọ àwọ̀mọ́ra tí Castelli rán, tó ní kókó wẹ́wẹ́ lápá. Geraint Thomas, ọ̀kan nínú wọn, ló borí. Frédéric Grappe tó ń bá ẹgbẹ́ FDJ ṣiṣẹ́ fárígá pé aṣọ náà rú òfin, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ìdíje kò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí aṣọ tí kò ṣiṣẹ́.

Àmọ́ ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Bí ìyára bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn ń gbà á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ká ní aṣọ kan gba wáàtì 8 là fún ẹni tó ń sáré 50 kìlómítà ní wákàtí kan. Aṣọ yẹn kan náà, lára ẹni tó ń sáré 25, wáàtì 1 péré ló máa gbà là. Ìṣẹ́jú àáyá 5 ni Thomas fi ṣáájú Stefan Küng tó ṣe ìkejì ní Düsseldorf. Níbi tí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ti ń pín olúborí àti ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ níyà, wáàtì 8 tó ohun tí ènìyàn ń náwó lé lórí. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, tàbí tó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fẹ́ atẹ́gùn lórí afárá Lẹ́kì sí Ìkòyí, kò sí nínú ìdíje yẹn. Ohun tó kù fún un láti jèrè nínú ọ̀rọ̀ atẹ́gùn, jẹ́sì tó bá a mu rẹ́gí ti fún un, ì báà jẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Jẹ́sì olówó gọbọi tó tóbi jù á máa fẹ́ bí àsíá ni.

Òjò àti òtútù ní tiwọn lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2013, yìnyín bo ojú ọ̀nà ìdíje Milano–Sanremo ní Ítálì débi pé àwọn aláṣẹ kó àwọn olùdíje sínú bọ́ọ̀sì láti fo òkè Turchino. Lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ aṣọ kan tí Castelli ń pè ní Gabba, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń fún wọn láṣọ. Wọ́n ti fi dúdú pa àmì Castelli rẹ́ kí onígbọ̀wọ́ wọn má bàa bínú. Ẹni tó borí ni Gerald Ciolek, ọmọ Jámánì tó ń sáré fún ẹgbẹ́ MTN-Qhubeka ti South Africa. Àwọn ènìyàn máa ń fi ìtàn yìí gbè sẹ́yìn aṣọ olówó ńlá, ṣùgbọ́n òdìkejì ló fi hàn. Aṣọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ kì í ṣe ọjà pọ́ọ́kú. Aṣọ ìdíje gidi ni, ọ̀fẹ́ ló sì dé ọwọ́ wọn. Ohun tí Gabba fi jù wọ́n lọ ni bí wọ́n ṣe gé e: ó fún mọ́ra, ó ń nà, ó ń dá atẹ́gùn dúró, ara sì ń móoru nínú rẹ̀ bó tilẹ̀ tutù. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an fún ló ṣe.

Bákan náà ni jákẹ́ẹ̀tì òjò tó ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú, irú èyí tó jáde láti inú ohun tí Bob Gore ṣàwárí ní 1969. Ihò ara rẹ̀ kéré ju ẹ̀kán omi lọ, ṣùgbọ́n ooru òógùn lè gbà á jáde. Ó ní ohun kan tó gbọ́dọ̀ wà kí èyí tó ṣeé ṣe: inú jákẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ gbóná kó sì ní ọ̀rinrin ju ìta lọ dáadáa. Ní Manchester nínú oṣù kọkànlá, bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Nínú òjò oṣù kẹfà ní Èkó, ìta fúnra rẹ̀ gbóná, ó sì kún fún ọ̀rinrin. Òógùn kò rọ́nà jáde, ènìyàn á sì tutù láti inú wá. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Manchester lè ra jákẹ́ẹ̀tì yìí kó sì jàǹfààní rẹ̀. Bó bá rà á ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Èkó, ẹ̀bùn ìfẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀bùn tó wúlò.

Wọ́n tún máa ń sọ pé èyí tó wọ́n ló máa pẹ́. Irú okùn kan náà ni Lycra inú èyí tó wọ́n àti èyí tí kò wọ́n, ohun kan náà ló sì ń pa á: iná, oòrùn, òógùn tó gbẹ mọ́ ọn, àti kẹ́míkà tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun, bíi Jik. Ṣòkòtò olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi omi tútù fọ̀, tí wọ́n ń sá sí ibòji, á pẹ́ ju olówó gọbọi tí wọ́n ń sá sórí páànù nínú oòrùn ọ̀sán lọ. Kódà, nínú jẹ́sì, èyí tó wọ́n jù lè jẹ́ èyí tó tètè ń ya, nítorí wọ́n mú kó fẹ́lẹ́ kó lè fúyẹ́ fún gígun òkè. Ibi kan tí owó ti máa ń ra ọjọ́ gígùn ni àtúnṣe: Rapha, ilé iṣẹ́ aṣọ kẹ̀kẹ́ kan, fún àpẹẹrẹ, máa ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ lẹ aṣọ tó ya lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn níye lórí, pàápàá fún ẹni tó ń gbé níbi tí àtúnṣe náà ti lè tètè dé ọwọ́ rẹ̀.

Níbo wá ni owó tó kù ń lọ? Simon Mottram dá Rapha sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2004. Ilé iṣẹ́ náà ní ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn ti lè mu kọfí, ó ní àwọn ayàwòrán, òun ló sì wọ ẹgbẹ́ Sky láṣọ láti 2013 títí di 2016. Gbogbo èyí wà nínú iye tí oníbàárà ń san. Ní 2017, RZC Investments ra á. Steuart àti Tom Walton ló ni RZC, ọmọ ọmọ Sam Walton tó dá Walmart sílẹ̀ sì ni wọ́n. Ọjà pọ́ọ́kú ló sọ ìdílé yìí di ọlọ́rọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé orúkọ tó dùn lẹ́nu ní òwò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò sí jìbìtì níbẹ̀. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ kí wọ́n rí òun bí ọmọ ẹgbẹ́ kan lè sanwó fún un láìtijú. Kó sáà mọ̀ pé ojú ayé ni òun ń rà, kó má sọ pé ìdí òun ló nílò rẹ̀.

Àwọn tó ní ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbọ́ tiwọn. Láti orí ṣòkòtò tí owó rẹ̀ kéré jù sí orí alábọ́dé, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ tóbi, ara ló sì ń mọ̀ ọ́n. Fóòmù tí wọ́n gé bí ìrọ̀rí tí wọn kò fi ṣe ìrísí ìdí, ojú ìrán tó ta gọngọ, aṣọ tó ń fi ara hàn: kò sí ìfaradà tó ń wo èyí sàn. Bẹ́ẹ̀ ni ọjà òkìrìkà. Jẹ́sì kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ tó ṣì mọ́ kò ní wàhálà, torí poliẹ́sítà kì í tètè gbó. Ṣòkòtò tòkúnbọ̀ yàtọ̀: fóòmù rẹ̀ ti tẹ̀ sí ìdí ẹlòmíràn, Lycra rẹ̀ ti rẹ̀, ibi tó sì ti kan ara jù ni kòkòrò ti ń gbé jù.

Bí ẹ bá fẹ́ náwó, ẹ kọ́kọ́ ṣe èyí tí kò gba kọ́bọ̀: ẹ tún gíga ìjókòó kẹ̀kẹ́ yín ṣe, kẹ́ ẹ sì bọ́ pátá kúrò lábẹ́ ṣòkòtò. Lẹ́yìn náà, ẹ ra ṣòkòtò alábọ́dé méjì dípò olówó gọbọi kan, kí ọ̀kan lè máa gbẹ nígbà tí èkejì wà lára. Ẹ ra jẹ́sì èyíkéyìí tó bá yín mu. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ òtútù lẹ ń gbé, ibi aṣọ òjò ni kẹ́ ẹ fi ìyókù sí. Aṣọ olówó gọbọi kì í ṣe ẹ̀tàn; iṣẹ́ kan pàtó ló wà fún. Ẹni tó bá ń ronú bóyá kó san 200 pọ́n-ùn, kó bi ara rẹ̀ léèrè pé èwo nínú iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni aṣọ tí òun ní kò ṣe fún òun. Bí kò bá rí ọ̀kan tọ́ka sí, kó fi owó rẹ̀ sápò.